Ilẹ̀kùn Tí Kò Lọ́wọ́

Ẹni tó bá rí Rohan láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, á rò pé ìyàwó tuntun ló fẹ́ gbé wọlé. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún! Ó ti nu gíláàsì iwájú ilé títí ẹyẹ kan fi fò wá forí sọ ọ́. Ó ti fi aṣọ rírọ̀ nu ara ògiri látòkè délẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà níta, ìbọ̀sẹ̀ ló fi ń rìn kiri inú ilé, kó má baà ha ilẹ̀ tuntun.

Jill, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń mu kọfí, ó ń wò ó.

"Rohan, jọ̀ọ́, ṣé o máa jẹ́ kí Màmá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí ṣá, àbí ká kúkú gbé wọn kọ́ sára ògiri bíi fọ́tò?"

"Máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá wọlé, wàá rí bí ojú wọn ṣe máa rí."

"Mo ti ń wò ó. Má ṣáà sunkún níwájú wọn o. Mo mọ̀ ẹ́."

Rohan rẹ́rìn-ín, ó sì tún padà lọ nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Ilé ọ̀hún wà ní Beaumaris, létí òkun, níbi tí Melbourne ti fẹ́ parí. Ọdún 1958 ni Keith àti Merle, bàbá àti ìyá wọn, ní kí ayàwòrán-ilé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa kọ́ ọ fún wọn, nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣì jẹ́ igbó. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gíláàsì ni iwájú rẹ̀ látilẹ̀ dókè. Láàárín pálọ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò onígun mẹ́rin kan, wọ́n to ìjókòó yí inú rẹ̀ ká, àlejò á sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń wọ odò. Ìwé ìròyìn kan ya fọ́tò ibẹ̀ lọ́dún náà. Merle ló dúró létí kòtò, ọmọge, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ó gbé abọ́ èso dání, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé kò lè ṣe ní nǹkan kan.

Fọ́tò yẹn ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, kí n tètè sọ ọ́.

Nítorí pé àwọn èèyàn kan wà ní Melbourne lónìí tó jẹ́ pé tí ẹ bá fọwọ́ kan irú ilé bẹ́ẹ̀, ojú wọn lẹ fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí ilé ara wọn sílẹ̀ fún ará ìta láti wá wò. Clive Hartigan ni olórí wọn, bàbá kan tó ń wọ bóòtáì lọ ra búrẹ́dì. Òun ló fún Rohan ní fọ́tò náà. "Bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kó padà wà," ni Clive wí. "Gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìdọ̀tí ni."

Ìdọ̀tí sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, lójú Rohan. Keith, bàbá rẹ̀, ti sọ ilé náà di jákujàku lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó fi pákó bo kòtò àárín pálọ̀ pátápátá. Ó kan ìṣó olórí idẹ mọ́ ara ògiri káàkiri, méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀. Ó wé okùn mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ńkọ́? Orí ẹ̀rọ omi ló dè mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ríìlì òwú onígi ló kàn mọ́ ti yàrá. Ti ilé ìdáná, ṣíbí ìrokà onígi ni, ẹ gbọ́ nǹkan! Àwọn ọmọ á wá kí wọn lọ́dún Kérésìmesì, wọ́n á rí i, wọ́n á máa fojú sọ̀rọ̀ síra wọn. "Dádì ò níṣẹ́ ṣe mọ́," ni Jill máa ń wí. Ìgbà tí Keith wá kú, Merle kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ìṣó kan. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ. Wọ́n gbà pé ìfẹ́ ọkọ ló ń dà á láàmú.

Wàyí o, ìyá yìí ṣubú nínú ọgbà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Oṣù mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ méjèèjì. Jill ní ó tó gẹ́ẹ́, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin kì í dá gbé, òun ti bá wọn wá àyè nílé àwọn arúgbó kan tó mọ́ tónítóní. Rohan ní kò jọ ọ́. Perth ni Rohan ń gbé, ní òdì-kejì Ọsirélíà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń wá, ojú sì ń tì í. Bóyá ìdí tó fi pariwo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nìyẹn. "Ilé wọn ni wọ́n máa kú sí," ló wí. "Màá tún un ṣe fún wọn. Màá sọ ọ́ di èyí tí wọ́n á máa rántí ìgbà èwe wọn nínú ẹ̀." Wọ́n jọ fẹnu kò sí i pé obìnrin ilé ìwòsàn tó ń yẹ ilé wò kó tó dá aláìsàn padà ni yóò dájọ́. Tó bá ní ìyá lè dá gbé ibẹ̀, ó parí. Tó bá ní kò lè ṣe é, Jill á gbé wọn lọ sílé àwọn arúgbó.

Wọn kò sọ nǹkan kan fún Merle nípa àtúnṣe náà. Rohan ní kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Áà, ìyàlẹ́nu!

Ó fi gbogbo ìsinmi ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún náà ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ó yọ gbogbo ìṣó, ó ká okùn, ó já pákó, ó sì ṣí kòtò padà. Ó ní kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ funfun pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, kí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì dán an títí ó fi ń yọ̀ bíi yìnyín. Èyí tó wá fẹ́ràn jù ni ògiri. Ó wá káfíńtà obìnrin kan lọ sí abúlé orí òkè, obìnrin yẹn la igi kan ṣoṣo sí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tò ó mọ́ra débi pé ìlà ara igi náà ń ṣàn lọ láti pátákó kan sí èkejì láìjá. Àwọn ilẹ̀kùn wà nínú ògiri náà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀. Wọn kò lọ́wọ́, wọn kò ní férémù. Tí ẹ bá fọwọ́ tì í níbi tó yẹ, á ṣí wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí Clive rí i, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nu ojú. Ó ní ọjọ́ ìṣílé tó ń bọ̀, ilé yìí ni àwọn máa fi síwájú, ògiri yìí gan-an ni fọ́tò ìwé ìkéde.

Jill náà wá wò ó, ó ń wá nǹkan tó máa fi bú u, kò rí. "Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó dáa."

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé. Ana Tupou ló wà á, ọmọ erékùṣù Tonga ni, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Òun gan-an ni obìnrin tó ń yẹ ilé wò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún Merle, ó sì gbé ọ̀pá ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin síwájú rẹ̀. Merle ti tọ́ ètè, ó wọ jígí dúdú, ó sì de gèlè kékeré kan mọ́rí bí ẹni ń lọ wo eré ìje ẹṣin. Ó na imú, ó fa atẹ́gùn òkun símú.

"Àwọn ọmọ mi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ta ló kú?"

"Màmá, ẹ ò ní fi ẹ̀fẹ̀ yín sílẹ̀," ni Jill wí, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ana, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ. Mo ti sọ fún yín. Nínú ilé mi, bí ọmọge ni mo ṣe ń rìn. Ẹ máa wò mí. Màá po tíì fún yín kí ẹ tó bọ́ kóòtù."

"Mò ń wò yín, Màmá Merle," ni Ana wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Merle ti ọ̀pá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ibi tí orí ẹ̀rọ omi máa ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí pákó pẹrẹsẹ. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó gbé e wálẹ̀. Rohan kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fìka kan ti ilẹ̀kùn, ó ṣí wọ́ọ́rọ́, ó sì fò wọlé síwájú wọn.

"Màmá! Ẹ wò ó!"

Merle dúró sí ẹnu ọ̀nà. Òórùn fáníìṣì tuntun pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó tún un kàn. Gbogbo ara rẹ̀ dákẹ́, bí ẹranko tó gbọ́ ìró nínú igbó. Rohan rí i, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Ọmọ yìí, ojú rẹ̀ méjèèjì là kedere o, ó ń wo ìyá rẹ̀ láìyẹ̀, kò sì rí nǹkan kan.

"Ó dára, Rohan," ni Merle wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó dára gan-an."

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan! Ẹ máa bọ̀!"

Ana ń wo ògiri. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn ìṣó tí Màmá sọ dà?" ló béèrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí Merle ti ń lọ. Ìyá náà gbé ọwọ́ òsì lé ògiri, ọwọ́ náà ń yọ̀ lọ, ń yọ̀ lọ, kò bá ohun kan pàdé. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ mọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ń ṣìnà, ńṣe ni wọ́n ń yára sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ó kúrò lára ògiri, ó kọjú sí àárín pálọ̀, ó sì ń ti ọ̀pá rẹ̀ lọ kánkán, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Rohan ń wo ojú rẹ̀. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò rí kòtò, tí yóò kígbe, tí yóò rántí fọ́tò. Ó ku díẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ kan. Ìyá náà ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀pá náà bọ́ sínú òfìfo.

"Yéè!"

Ana ló fò. Bó ṣe tóbi tó nì, n kò mọ bó ṣe ṣe é. Ó fi apá kan gbá Merle níbàdí láti ẹ̀yìn, ó fà á sórí àyà ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Ọ̀pá ìrìn ré sínú kòtò, ó ń han gooro lórí òkúta dídán, ó yí, ó yí, kó tó dákẹ́.

Kọfí Jill ti dà sílẹ̀ pátá. Rohan dúró lápá kejì kòtò, ó la ẹnu.

"Kí lèyí?" ni Merle béèrè látorí ilẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ wá etí kòtò kiri. "Kí ló wà níbí yìí?"

"Ibi ìjókòó ni, Màmá. Kòtò inú fọ́tò yẹn."

"Keith ló dí i."

"Mo mọ̀. Mo... èmi ni mo ṣí i."

"Màmá," ni Jill wí, "ṣé ẹ ò rí i ni? Kòtò ńlá báyìí, ní ojúmọmọ?"

Ana gbé ojú sókè, ó wo Jill, ó wo Rohan, ẹnu sì ya òun náà.

"Mo rò pé ẹ mọ̀," ló wí. "Ẹ dákun. Mo rò pé àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ mọ̀."

"Mọ kí ni?"

"Ẹ sọ fún wọn, Ana," ni Merle wí. "Ó ti bàjẹ́ báyìí. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo ti fọ́jú. Ẹ pa ẹnu yín dé, mo mọ̀ pé ẹ la ẹnu. Ó ti lé lógún ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn, ó ń bọ̀ wá sáàárín díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, mo mọ ibi tí fèrèsé wà, ó tán."

Ogún ọdún! Rohan rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ka ìwé ìròyìn sókè ní àárọ̀, tí òun ń bínú pé ó ń pariwo. Ó rántí ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ pé ó sú òun láti wà. Ó rántí fọ́tò tó máa ń kó wá láti Perth lọ́dọọdún, ọmọ rẹ̀ tó gboyè, ilé tó rà, ìyá rẹ̀ á gbé e sórí itan, á máa fọwọ́ pa á, á ní, "Ó dára, Rohan. Ó dára gan-an." Ohùn kan náà tó fi sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" Jill ti ń sunkún.

"Kí n sọ fún ìwọ? Jill, o ti ní mọ́tò tó máa gbé mi lọ sílé àwọn arúgbó láti ìgbà tí mo gbàgbé ìkòkò kan lórí iná. Keith ní, 'Merle, tá a bá sọ fún wọn, wọ́n á kó ẹ lọ kí tíì tó tutù.' Ló bá ra ìṣó. Ó di ọwọ́ mi mú, a jọ rìn káàkiri ilé, níbikíbi tí mo bá ti ṣìnà, á ní dúró, á kàn án. Ìṣó méjì, ilé ìwẹ̀ ló kàn. Mẹ́ta, yàrá. Pákó tó fi dí kòtò ń dún bóbó lábẹ́ ẹsẹ̀, mo sì máa mọ̀ pé àárín ilé ni mo wà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo ti ń dá gbé láti ìgbà tó kú, n kò kọsẹ̀ nínú ilé yìí rí. Ọgbà ni mo ti ṣubú. Nínú ilé, rárá." Ó na ọwọ́. "Rohan, bá mi mú ṣíbí yẹn wá."

"Ṣíbí wo, Màmá?"

"Ṣíbí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò pọn dandan kó o kàn án mọ́bẹ̀. Ṣáà mú un wá."

Àpótí irin ńlá tí wọ́n ń da pàǹtí sí ni Rohan kó gbogbo rẹ̀ dà sí. Mọ́tò ti wá gbé e lọ tipẹ́.

"Ó ti lọ, Màmá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Merle kò ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo itan rẹ̀, ó jókòó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun náà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà bàbá rẹ̀ ni ọmọ yìí kó dà nù, ó sì fi aṣọ tuntun rọ́pò rẹ̀, ó tún ń dúró kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

Ana ràn án lọ́wọ́ dìde. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i lónìí pé kí Merle máa dá gbé, ẹni bá rí ohun tí òun rí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun máa jẹ́ kí Merle wá lo òpin ọ̀sẹ̀ nílé, tí àwọn ọmọ méjèèjì bá máa wà pẹ̀lú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun á padà wá. Tí Merle bá lè rìn láti yàrá dé ilé ìwẹ̀, kó sì po tíì ní ilé ìdáná, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, á dúró sílé rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ó di ilé àwọn arúgbó. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Ana wí.

Wọ́n mú Merle padà sínú ọkọ̀. Ó yọ orí síta láti fèrèsé.

"Rohan! Pa ilẹ̀kùn mi dé. Tó o bá rí i."

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Rohan ń dúró kí Jill sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Jill kàn wọlé, ó wo kòtò yẹn, ó ní, "Èmi náà ní ó dáa. Lọ wá pákó."

Pákó kò ṣòro. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, wọ́n ti dí kòtò. Jill ti ra ìṣó olórí idẹ, ó sì mú orí ẹ̀rọ omi kan wá láti ọgbà ara rẹ̀, pẹ̀lú ríìlì òwú àti ṣíbí onígi tó ti jóná lẹ́nu. Nígbà tí Merle dé ní àárọ̀ Sátidé, Rohan dúró pẹ̀lú òòlù, ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀.

"Ẹ sọ ibi tí wọ́n wà fún mi, Màmá. Báwo ló ṣe ga tó?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ báwo?"

"Ọwọ́ mi ló mọ̀. Orí mi ò mọ̀ ọ́n. Di ojú ẹ, kó o wá bá mi rìn bí bàbá ẹ ṣe bá mi rìn."

"Bàbá máa ń dijú?"

"Báwo lo ṣe rò pé ó ṣe mọ ibi tí ìṣó máa wà?"

Rohan dijú. Ìyá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, tó ti gun kẹ̀kẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀, kò lè rìn dé ibi kankan. Èjìká rẹ̀ kan gíláàsì. Ó wá ilé ìwẹ̀ kiri lára ògiri dídán tí òun fúnra rẹ̀ sanwó kí wọ́n dán, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ lọ, kò bá ìbẹ̀rẹ̀ pàdé, kò bá òpin. Ó fẹ́ lajú.

"Má lajú," ni Merle wí. "Kò tíì pẹ́ rárá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní gbogbo Sátidé. Ó ń dijú, ó ń ṣìnà, ó ń dúró, ó ń kàn án. Yàrá gba ìṣó mẹ́ta, ilé ìwẹ̀ méjì. Ríìlì òwú padà sí ipò rẹ̀. Merle ń tẹ̀ lé e, ó ń fi ìka yẹ iṣẹ́ wò. "Èyí ga jù. Ta lo kàn án fún, àgùnfọn?" Jill ń rẹ́rìn-ín, ó ń yọ ìṣó, ó tún ń kàn án.

Ògiri kan ṣoṣo ni Rohan kò fọwọ́ kàn. Ògiri ńlá ti pálọ̀ ni, èyí tó lọ láti ibi kòtò dé ilé ìdáná, tí ojú igi ń ṣàn lọ nínú rẹ̀ láìjá. Clive ti pè é lẹ́ẹ̀mejì nípa rẹ̀. Rohan so ṣíbí mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìró pákó á tó, ìyá á máa fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ̀nà. Ní ọjọ́ Àìkú, Merle gbìyànjú rẹ̀ láti àárọ̀. Ó kúrò lórí pákó, ó ṣìnà sápá gíláàsì. Ó tún padà, ó forí sọ òpó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rin yípo, ó sì padà bá ara rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Jill wo Rohan. Rohan wo ilẹ̀. Ọjọ́ Ajé ti dé tán.

Merle gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó tọ ìṣó wá láti ọ̀nà yàrá, títí ó fi dé èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí pákó dídán. Ó dúró síbẹ̀.

"Ìṣó parí níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí ló dé?"

Ojú ti Rohan débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Ṣé ó rẹwà ni?" ni Merle béèrè. Kò fi bínú rárá. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ó rẹwà, Màmá."

"Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ó sọ fún un. Ó ní igi kan ṣoṣo ni, wọ́n là á, wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tó ti pọn, ìlà ara rẹ̀ gùn wálẹ̀ bí irun tí wọ́n yà, àti pé nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti òkun wọlé báyìí, àwọ̀ pupa kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ ní ọ̀sán. Ó ní nínú fọ́tò ìgbà yẹn, iwájú ibẹ̀ gan-an ni ìyá dúró sí, pẹ̀lú abọ́ èso. Merle gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi náà, ó pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe máa ń pa fọ́tò lórí itan.

"Ó dáa," ló wí. Ó wá ìka Rohan, ó fà á mọ́ra, ó fi sójú ibi tó yẹ. "Ibí yìí. Kàn án."

Rohan mú òòlù. Igi náà là díẹ̀ lábẹ́ ìṣó àkọ́kọ́, ó gbọ́ ọ, ó sì mú èkejì.

Nígbà tí Ana kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Merle fúnra rẹ̀ ló ṣí i, omi tíì sì ti ń hó lórí iná.